Màmá Aké Ló Gbọ́ Ọ: Ìrìnàjò Ẹgbẹ́ Akọrin Wa Dé Àjàṣẹ́

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò n'Íbàdàn, nínú ìsinmi Àjíǹde. Akọrin 24 ni wá, mẹ́fà-mẹ́fà lórí ohùn kọ̀ọ̀kan: sòpránò, áltò, tẹ́nọ̀, báàsì. Áltò ni èmi. Ọ̀gá wa, ìyá tó ń kọ́ wa lórin nílé ìwé, jókòó síwájú pẹ̀lú fáìlì orin lórí itan. Onílù gángan wa wà lẹ́yìn pátápátá, ó gbé ìlù rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Inú àpò ìrẹsì ńlá mẹ́ta la di róòbù wa sí, torí kò síbi tá a lè fi wọ́n kọ́ nínú bọ́ọ̀sì kóstà kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fẹ́ lò: Abẹ́òkúta, Èkó, Àgbádárìgì, ká sọdá sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ká sì gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ti Abẹ́òkúta, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ l'Áké la ti kọ́kọ́ kọrin. Òun ni wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Henry Townsend, míṣọ́nárì òyìnbó, wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843. Nígbà tí Àjàyí Crowther náà dé ní 1846, ìlú yìí ló ti fojú kan ìyá tó bí i lọ́mọ, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ìyá yẹn lara mi máa ń ṣe gìrìrì. Ìlú orin sì ni Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ṣiṣẹ́, ẹni tó kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọ̀gá wa máa ń fi ohùn rẹ̀ sí wa létí lórí fóònù, á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú orin." Àwa á gbọ́, a ò tíì mọ ohun tí a ń gbọ́.

Orin mẹ́jọ la kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìkarùn-ún ni èyí tí Ọ̀gá wa fẹ́ràn jù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá yá ohùn fún un lára orin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan. Ẹsẹ kìíní rẹ̀ parí sí "Mo yìn Ọ́ nígbà gbogbo." Odindi ọdún kan la ti fi ń kọ ọ́ nílé ìwé, kò sẹ́ni tó bá wa wí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wa, pásítọ̀ gbàdúrà, a bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ róòbù.

Màmá àgbà kan tó jókòó níwájú fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ pè mí. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú ló wọ̀ tìró tìbùbá, gèlè rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Mo kúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ohùn yín dùn. Ọlọ́run ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n igbá wo lẹ kó wá?"

"Igbá kẹ̀, Màmá?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ń pariwo igbá gbogbo, igbá gbogbo. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí bóyá ìkórè la wá ṣe ni."

Kò tètè yé mi. Ọ̀gá wa tó dúró lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ yé, torí mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. "Nígbà": òkè ni "ní", ìsàlẹ̀ ni "gbà". Ohùn tí a yá lọ́wọ́ orin Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń gun òkè níbẹ̀. Nínú sólfà wa, ìyẹn lẹ́tà tí a fi ń kọ ohùn orin láti ìsàlẹ̀ sókè (d r m f s l t), m s s l ni. Bí "gbà" bá ti gun òkè báyìí, kì í ṣe "gbà" mọ́, ó ti di "gbá". Ìgbà gbogbo tí a fẹ́ fi yin Ọlọ́run di igbá gbogbo, igbá tí a fi ń bu omi. Ọdún kan gbáko la ti ń kó igbá jọ níwájú pẹpẹ, torí pé àwa mọ ohun tí a ní lọ́kàn, etí wa kò yẹ ẹnu wa wò. Màmá kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Ohun tí a pè ló gbọ́.

Ọ̀gá wa tẹrí ba fún ọ̀rọ̀ náà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun, mà. A ó tún un ṣe." Ọmọ ọmọ Màmá tó gbé e wá fún un ní nọ́ńbà, ó sì júwe ilé wọn fún wa, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ní yàrá tí wọ́n fi wá wọ̀ sí, mo jí lọ tọ̀, mo bá Ọ̀gá wa lórí ẹní lábẹ́ gílóòbù ìta, bírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fa igi sórí m s s l, ó ti kọ s r m m sí i lókè. Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú orin tí àwa akọrin ń pè ní native air, ìyẹn orin ìsìn tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, bí sòpránò bá sọ̀kalẹ̀, ó yẹ kí ohùn mẹ́ta yòókù náà bá a sọ̀kalẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa jọ ń pè. Báàsì kò lè máa pe igbá nígbà tí sòpránò ń pe ìgbà. Nítorí náà, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tún kọ. Ó rí mi, ó ní, "Lọ sùn, áltò. Tìẹ ti ṣe tán."

Èkó la dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n mú wa wọ Kàtídírà Kírísítì ní Marina lọ́sàn-án. Mo wo àwọn páìpù dùrù náà títí ọrùn fi ń dùn mí. Ibẹ̀ ni T. K. E. Phillips ti jẹ́ ọ̀gá orin láti 1914 títí di 1962, òun ló sì kọ́ Fela Sowande àti Ayọ̀ Bánkọ́lé ní dùrù. Ọ̀gá wa dúró sí ẹ̀gbẹ́ dùrù yẹn, ó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí Màmá Aké bá wa sọ gan-an ni ọkùnrin yìí fi ọjọ́ ayé rẹ̀ rò: bí orin ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá láìṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1953. Mo kọ ọdún náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

A kọrin ní ilé ìwé kan ní Yábàá nírọ̀lẹ́. Kí n má purọ́, kò dára. Bí a ṣe dé "nígbà gbogbo", àwọn kan lọ sókè, àwọn kan lọ sísàlẹ̀. Ẹnu ti mọ ọ̀nà àtijọ́, kò fẹ́ yà. Èmi náà wà lára àwọn tó lọ sókè. Ọ̀gá wa kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó kàn ń juwọ́ lọ títí orin fi parí. Kò sẹ́ni tó jẹun dáadáa lálẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran ni wọ́n sè fún wa.

Ohun tó gbà wá ni bẹ́líìtì tó já lẹ́nu ọkọ̀ wa ní Agbára, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Dẹ́rẹ́bà gun ọ̀kadà lọ wá òmíràn, a sì lo wákàtí mẹ́ta lábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń sun àgbàdo. Onílù wa kò sọ nǹkan kan. Ó gbé gángan kọ́ èjìká, ó fún ọṣán mọ́ra, ó fi kọ̀ǹgọ́ pè é: òkè, ìsàlẹ̀, àárín, àárín. Ó tún un pè. Ìlù kò mọ m s s l, ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló mọ̀. Ọ̀gá wa ní ká má tíì kọrin o, ká kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ tẹ̀lé ìlù. A sọ ọ́. A sọ ọ́ títí ìyá alágbàdo fi ń bá wa sọ ọ́, ó ń yí àgbàdo lórí iná bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà la wá fi ohùn orin sí i, ohùn náà sì wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó bá a mu. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà fi padà dé, a ti kọ ọ́ tó ìgbà ogún. Gbogbo wa la ra àgbàdo. Ìyá náà fi méjì lé e fún onílù.

Àgbádárìgì kò gbà ju ọjọ́ kan lọ. A dé ibi tí igi Àgíà wà kó tó wó ní 1959, ibi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842. A gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845. A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, a rìn nínú yanrìn dé etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀. Wọ́n ní ká kọrin níbẹ̀. Ọ̀gá wa ní rárá, ká dákẹ́. A dákẹ́, a ń gbọ́ òkun.

Ní ẹnubodè Sèmè, ìwé ìrìnnà wa pé, káàdì ìyẹ́lò fún abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, a ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, a kọjá. Láti ibẹ̀ ni bẹntiróòlù ti ń wà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, kpayo ni wọ́n ń pè é.

Àjàṣẹ́! Mo rò pé ilẹ̀ àjèjì la ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó kí wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, èdè Gùn ló ń sọ, ọ̀rọ̀ tó sì fi kí wa ni "kuabọ". Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹ ṣé o, kó tó yé wa pé kì í ṣe Yorùbá ló sọ. Ní ọjà, obìnrin tó ta àkàrà fún mi gbọ́ èdè mi, ó sì bi mí bóyá ará Ìbàdàn ni mí. Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú náà dúró láàárín ìgboro bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bràsíìlì, ó kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, ìyẹn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bràsíìlì tí wọ́n sì padà wálé, bí wọ́n ṣe mọ ilé kọ́ lọ́hùn-ún náà ni wọ́n kọ́ ọ.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ọ̀pá irin tí àwọn akọrin tó gbà wá lálejò mú jáde. Alounloun ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pá gígùn ni, òrùka irin wà lára rẹ̀, tí wọ́n bá ń fà wọ́n lọ fà wọ́n bọ̀, ó ń dún ṣẹ̀ẹ́kẹ́-ṣẹ̀ẹ́kẹ́. Orin ààfin ọba Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń fi í lù látijọ́, adjogan lorúkọ orin náà, ẹyẹ ọba ló sì ń wà lórí ọ̀pá. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi àgbélébùú rọ́pò ẹyẹ. Wọ́n fún mi mú dání. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, òrùka rẹ̀ tutù.

Wọ́n kọ́ wa ní orin Gùn kan. Èdè tó ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa ni Gùn, a sì bà á jẹ́ gidi. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ dá wa dúró. Ó ní ká pa orin tì, ká fẹnu sọ ọ́ ná. Onílù wa wò mí, mo wo onílù.

Lálẹ́, a kọ orin Ọ̀gá wa. Ilé kún. Ìdajì wọn ló ń gbọ́ Yorùbá, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí bí a ṣe dé "Mo yìn Ọ́ nígbà gbogbo", bàbá kan ní ìlà kejì fèsì, kò kọ ọ́ lórin, ó kàn sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Nígbà gbogbo ni o." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á. Nígbà tí a fi dé ẹsẹ kẹta, wọ́n ń bá wa kọ ọ́, orin tí wọn ò gbọ́ rí. Ọ̀gá wa yíjú sí wọn, ó ń darí wọn pẹ̀lú wa, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

A gba Ìdí-Ìrókò wọlé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Nígbà tí a dé Ọ̀tà, Ọ̀gá wa sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó yà sí Abẹ́òkúta. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí.

Màmá wà lórí àga níwájú ilé, ó ń ṣa ewédú. A kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. A ò wọ róòbù, eruku ọ̀nà sì wà lára wa. A tò sáàárín àgbàlá, adìẹ ń rìn lẹ́sẹ̀ wa, a kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sọ̀kalẹ̀ sórí "gbà", ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó dáwọ́ ewédú dúró, ó sì ń gbọ́ wa lọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a ṣe tán.

"Ó dáa báyìí," ó ní. "Ìgbà ti di ìgbà. Ẹ̀jẹ́ tó wà ní ẹsẹ kejì yẹn ńkọ́? Wẹ́n ní ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ ló rà wá padà, ẹ̀yin ní ẹ̀jẹ́. Ẹ̀jẹ́ wo?"

Ọ̀gá wa jókòó sórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣí fáìlì orin lórí itan, ó ń fọwọ́ wá bírò pupa nínú báàgì.