Ìlà Tí Kò Níbi Tó Ń Lọ

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ìbàdàn, nígbà tí kò tíì pé ọdún méjì tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ya fọ́tò ìyàwó kan tí mo gbà pé kò sí irú rẹ̀ nínú gbogbo èyí tí mo ti yà rí. Ìyàwó náà jókòó lábẹ́ kánópì, gèlè aṣọ òkè rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín tó sì wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín fún kámẹ́rà. Nígbà tí mo gbé álúbọ́ọ̀mù lọ fún wọn, ìyá ìyàwó wo fọ́tò náà títí, wọ́n fi ìka lé e, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló kan òpó mọ́ ọmọ mi lórí?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pá irin tó gbé kánópì ró lẹ́yìn ìyàwó ti yọ gangan láti àárín gèlè rẹ̀, ó sì gùn lọ títí dé etí fọ́tò lókè. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà," mo sì tẹ òmíràn fún wọn láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò sí nínú èyíkéyìí nínú àwọn tó kù.

Ó pẹ́ kí ìdí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ojú méjì ni àwa fi ń wo nǹkan, òun ló sì ń jẹ́ kí a mọ̀ pé òpó wà lẹ́yìn, pé ènìyàn wà níwájú. Ojú kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ní. Ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lọ́nà jíjìn, orí ìwé pẹlẹbẹ kan náà ni yóò tẹ́ gbogbo wọn sí, ìlà tó wà lẹ́yìn yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹni tó wà níwájú bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ti hù. Ká ní mo sún ẹsẹ̀ kan péré sí ọwọ́ òsì ni, òpó yẹn ì bá ti kúrò lẹ́yìn gèlè. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn orí ènìyàn ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà etí férémù yíká, kí n tó wo ojú ẹni tí mo fẹ́ yà.

Èyí kọ́ mi bí a ṣe ń sá fún ìlà. Bí a ṣe ń lò ó, ọ̀dọ̀ onídìrí ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá kan wà tí wọ́n ń dirun lábẹ́ àtíbàbà tó dojú kọ sítúdíò mi, bí iná kò bá sì sí, mo máa ń jókòó wo ọwọ́ wọn. Wọn kì í sáré. Wọ́n á fi ìrù ìlarun la ọ̀nà láti iwájú orí, wọ́n á fi òróró pa ojú ọ̀nà náà títí yóò fi funfun yàtọ̀ láàárín irun dúdú, wọ́n á tẹ orí ọmọ náà síwájú díẹ̀, wọ́n á wò ó láti ọ̀tún, wọ́n á wò ó láti òsì, kí wọ́n tó mú irun àkọ́kọ́ sọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọṣẹ́ wọn la ọ̀nà kan tó wọ́. Wọ́n fi ìlarun pa á rẹ́, wọ́n ní, "Ibo lo ní kí èyí máa lọ? Mọ ibi tí yóò parí sí kí o tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú iṣẹ́ mi. Nínú ṣùkú, gbogbo ìlà ló ń gòkè lọ pàdé ní àtàrí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wo ṣùkú, àtàrí ni ojú rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀, bó fẹ́, bó kọ̀. Kòlẹ́sẹ̀ ń ṣàn láti iwájú lọ sí ìpàkọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ sì ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì, ògiri ọgbà àti ìsọ̀ tó tò lọ nínú ọjà ṣe ń fa ojú lọ síbi kan. Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ ibi náà, kí a sì fi ènìyàn síbẹ̀. Bí ìlà mẹ́rin bá ń lọ pàdé lápá ọ̀tún tí a sì gbé oníbàárà sí apá òsì, ojú yóò kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ìlà gbé ènìyàn sórí ojú irin. Láti 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, eré tó sì ń sá kì í ṣe ti àtijọ́.)

Nínú àwọn àgbà iṣẹ́ wa, ẹni tí mo gbà pé ó mọ ìlà jù ni J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Edo tí a bí ní 1930, tí wọ́n sì papò dà ní 2014. Ní 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, èyí tí wọ́n sì yà sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú wọn, ní dúdú àti funfun, láìsí nǹkan kan lẹ́yìn orí náà. Kò sí ojú, kò sí yẹtí tí ń dán, kò sí àwọ̀ tí yóò gba ìlà lọ́wọ́ ẹni. Bí o bá jókòó ti ọ̀kan nínú wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wàá rí i pé ohun tí bàbá náà yọ kúrò pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ.

Ìlà òró ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, ẹ dúró nítòsí, ẹ gbé fóònù sókè kí ó lè kó gbogbo rẹ̀. Àwọn òpó ńlá wọ̀nyẹn yóò fì síra wọn lókè bí ẹni pé gbọ̀ngàn náà fẹ́ ṣubú sẹ́yìn, nítorí pé orí òpó jìnnà sí lẹ́ńsì ju ìdí rẹ̀ lọ, ohun tó bá sì jìnnà ló ń kéré. Ẹ sún sẹ́yìn dáadáa, ẹ jẹ́ kí fóònù dúró ṣánṣán, kí ẹ sì gé ilẹ̀ tó bá pọ̀ jù nísàlẹ̀ kúrò nígbà tó bá yá. Àwọn aládìrẹ ti ṣe iṣẹ́ lórí àwọn òpó yìí ṣáájú wa: nínú àdìrẹ Ìbàdàndùn, wọ́n ya òpó Mápó, wọ́n fi ṣíbí sáàárín, òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí. Ṣíbí yẹn ni kò jẹ́ kí òpó sú ojú.

Ní ti ìrísí, onígun mẹ́ta ni mo ń lò jù. Bí ìdílé bá wọ sítúdíò, wọ́n máa ń tò lórí ìlà bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ojú a sì máa rìn láti orí kan dé èkejì láìrí ibi tí yóò simi sí. Mo máa ń ní kí ìyá jókòó, kí bàbá dúró díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọ fara ti orúnkún ìyá. Orí mẹ́ta náà a di igun mẹ́ta, ọwọ́ tí ìyá bá sì gbé lé èjìká ọmọ ni yóò so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìrísí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó gun Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ìrántí Bower, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn nígbà kan, sórí Òkè Aàrẹ ní 1936. Páànù tó ti dógùn-ún lọ salalu nísàlẹ̀, igun lórí igun. Ẹ má yà á bẹ́ẹ̀. Ẹ wá òrùlé kan ṣoṣo tó jẹ́ tuntun láàárín wọn, kí ẹ fi ṣe ṣíbí tiyín.

Ìlà tí ń pín ojú fóònù sí ilé mẹ́sàn-án wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pàápàá kí ilẹ̀ má baà dagun. Èmi kò lò ó mọ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo ya ọmọdébìnrin kan tí ìyá onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú fún, lẹ́yìn tí ìyá ọmọ náà ti gbà. Nígbà tí mo yà á láti ẹ̀gbẹ́, ìdajì ìlà ló sọnù. Nígbà tí mo lọ sẹ́yìn, igi àtíbàbà dábùú ọrùn rẹ̀. Mo wá gun àpótí, mo sì yà á láti òkè, kí ilẹ̀ pupa nìkan lè wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, irun kọ̀ọ̀kan sì ní òjìji tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí gbogbo wọn ń ti etí férémù gòkè lọ sí àtàrí. Mo gbé e fún ìyá onídìrí. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lórí fóònù náà títí wọ́n fi dé ẹ̀yìn etí òsì, ibẹ̀ ni ìka wọn dúró sí. Wọ́n ní, "Èyí wọ́." Wọ́n pe ọmọ náà padà, wọ́n tú ẹyọ kan yẹn, mo sì dúró títí wọ́n fi dì í tán kí n tó tún un yà.