A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: ohun tí ọdún mẹ́fà láàárín àwọn ogúnléndé kọ́ mi

Aṣọ ni a kọ́kọ́ kó jọ. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn ìdílé mélòó kan tí ogun lé kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn ti dé sí àdúgbò wa, èmi àti àwọn ènìyàn mẹ́fà pe ara wa jọ, a ní kí olúkúlùkù yẹ inú àpótí rẹ̀ wò, kí ó sì mú èyí tí kò lò mọ́ wá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí yàrá kan fi kún fọ́fọ́. A di aṣọ náà sínú àpò, a gbé e lọ fún wọn, inú wa sì dùn pé a ti ṣe ojúṣe wa.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí, mo lọ kí obìnrin kan nínú wọn, mo sì bá àwọn àpò náà ní igun yàrá rẹ̀ bí a ti dì wọ́n gan-an. Kò tú ọ̀kankan. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa lẹ́tà kan yọ, ó sì nà án sí mi. Ó ti ká lẹ́tà náà, ó ti tú u, ó sì tún un ká tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ìlà tí ó ká a sí ti fẹ́ ya. Nínú ìwọ̀nba èdè wa tí ó gbọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí." Ìwé ìpè ni. Wọ́n ní kí ó wá ṣàlàyé ìdí tí ó fi sá kúrò nílùú rẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ọjọ́ náà ti kọjá.

Ẹni tí kò bá mọ bí ọ̀rọ̀ ìsádi ṣe ń lọ lè rò pé ohun kékeré ni èyí. Kì í ṣe ohun kékeré rárá. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ẹni tí ń tọrọ ààbò kò bá yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, tí kò sì ṣàlàyé ohun tí ó dá a dúró, àwọn aláṣẹ lè kà á sí pé ó ti jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì pa fáìlì rẹ̀ dé. A sáré wá agbẹjọ́rò tí ó mọ̀ nípa òfin ìwọ̀lú, ó kọ̀wé àlàyé, wọ́n sì dá ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rántí pé mo ti dé ẹnu ọ̀nà obìnrin yìí lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àpò aṣọ nígbà tí lẹ́tà náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, tí n kò sì bi í léèrè ohunkóhun, ó máa ń dùn mí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìtumọ̀ òwe tí ó wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. A ti jókòó sínú ilé tiwa, a ti pinnu ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe aláìní. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í gbé ohunkóhun lọ fún ẹnikẹ́ni kí a tó béèrè, ohun tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ wa kì í sábà jẹ́ ohun tí a lè dì sínú àpò. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn ka ìwé, ẹni tí yóò bá wọn dé ọ́fíìsì, ibi tí wọ́n ti lè kọ́ èdè ní àkókò tí àwọn ọmọ wọn wà nílé ẹ̀kọ́, àti ẹni tí yóò kàn jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ láìbi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí lójú ogun. Mo tẹnu mọ́ èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Ẹni tí ó ti sọ ìtàn ìpọ́njú rẹ̀ fún ọlọ́pàá, fún dókítà àti fún agbẹjọ́rò kò jẹ wá ní gbèsè pé kí ó tún un sọ fún wa kí a tó ràn án lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ díẹ̀ nínú òfin tí ó dè é, kí ẹ lè mọ ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ àti ohun tí ó jẹ́ àánú. Ogúnléndé àti aṣíkiri kì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè jọ máa gbé inú ilé kan, kí wọ́n sì jọ máa ru ẹrù kan náà. Àdéhùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé, tí wọ́n ṣe ní Geneva lọ́dún 1951, sọ pé ogúnléndé ni ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí kò sì lè padà, nítorí ìbẹ̀rù tí ó nídìí pé wọn yóò ṣe inúnibíni sí i nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó wà láwùjọ tàbí èrò rẹ̀ lórí ìṣèlú. Àwọn tí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún náà lé kúrò nílé nìkan ni àdéhùn náà kọ́kọ́ wà fún. Lọ́dún 1967 ni wọ́n mú ààlà yẹn kúrò. Ní Áfíríkà, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe àdéhùn tirẹ̀ lọ́dún 1969, ó sì fi àwọn tí ogun tàbí rúkèrúdò ńlá lé kúrò nílùú kún un. Abala 33 nínú àdéhùn ti 1951 ni mo fẹ́ràn jù lọ, nítorí pé òun ni ó kọ̀ fún ìjọba láti dá ogúnléndé padà sí ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ yóò ti wà nínú ewu. Mo ti rí ẹni tí ojú rẹ̀ yí padà nígbà tí a ka abala yìí fún un ní èdè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mímọ òfin kò sọ wá di agbẹjọ́rò. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹ̀ṣẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò gba àṣẹ máa fún aṣíkiri ní ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ìdí pàtàkì sì wà fún un: gbólóhùn kan tí a bá ṣì kọ sínú fọ́ọ̀mù lè di ohun tí wọn yóò fi sọ pé ẹni náà ń purọ́. Iṣẹ́ tiwa ni kí a mọ ibi tí agbẹjọ́rò gidi wà, kí a sì bá ènìyàn dé ibẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá.

Bíbá ènìyàn lọ sí ọ́fíìsì ni mo kà sí gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Mo rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kan náà tí wọ́n ti lé ẹnì kan padà lánàá máa ń fi sùúrù ṣàlàyé lónìí, bí ẹni kejì bá ti jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. A kì í bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí a bá wá. A kàn ń kọ ọjọ́, aago, ohun tí a béèrè àti èsì tí wọ́n fún wa sílẹ̀.

Nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò lè gbàgbé. Ìyá kan ń ṣàìsàn, mo sì bá òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ dé ilé ìwòsàn kan. Kò sí ògbufọ̀, dókítà sì ní kí ọmọ náà máa túmọ̀. Àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn. Nígbà tí ó kan ohun tí wọ́n rí nínú àyẹ̀wò, ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ya àmì róbótó sórí itan rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìyá náà ń bi í pé, "Kí ni wọ́n wí?" Ọmọ kò dáhùn. Mo bẹ dókítà pé kí ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró, a sì wá ògbufọ̀ àgbàlagbà lórí fóònù. A kò tún fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ fún òbí rẹ̀ mọ́, ì báà ṣe fún ohun tí ó kéré jù lọ, mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tí ó bá ń ka èyí pé kí ó má ṣe é.

Àṣìṣe mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. A ya fọ́tò ìdílé kan níbi ìpàdé wa, a sì gbé e sórí Facebook láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó dáwó. Bàbá ìdílé náà pè mí lóru, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: àwọn tí ó ń sá fún mọ ojú rẹ̀, ìbátan rẹ̀ sì ṣì wà nílé lọ́hùn-ún. A yọ fọ́tò náà kúrò lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè mọ ẹni tí ó ti rí i.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó padà di ohun ìjà wa. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, a rí i pé ìdílé mọ́kànlá ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti kọ ọmọ wọn, ìdí kan náà ni wọ́n sì fún gbogbo wọn: wọn kò ní ìwé tí ó fi ibi tí wọ́n ń gbé hàn, nítorí pé ibùgbé onígbà díẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí. Abala 22 nínú àdéhùn 1951 sọ pé kí wọ́n ṣe sí ogúnléndé bí wọ́n ti ń ṣe sí ọmọ onílé lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A kò lọ pariwo pé ìjọba kò láàánú. A lọ bá káńsẹ́lọ̀ wa, a gbé àkọsílẹ̀ mọ́kànlá náà síwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ orúkọ kúrò, a sì béèrè ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n gba lẹ́tà láti ọwọ́ alábòójútó ibùgbé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àdírẹ́sì. Bàbá kan nínú wọn, tí ó jẹ́ olùkọ́ nílùú rẹ̀, ni ó sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ìpàdé mẹ́ta ni ó gbà wá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí a bá béèrè ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ó dá mi lójú pé à bá ṣì máa béèrè títí di òní.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kí ni ènìyàn méje lè ṣe sí ọ̀rọ̀ tí ó ju ìjọba lọ. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ Kánádà fún wọn. Òfin ibẹ̀ gba àwọn ará ìlú láàyè láti pa owó àti ọwọ́ pọ̀, kí wọ́n gba ogúnléndé sọ́dọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ó sábà máa ń tó ọdún kan. Ní ọdún 1979 àti 1980, àwọn ogúnléndé bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ìyẹn 60,000, láti Vietnam, Laos àti Cambodia ni wọ́n gbà wọ orílẹ̀-èdè náà, àwọn ará ìlú sì ni ó dúró fún èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ. Lọ́dún 1986, wọ́n fún àwọn ará Kánádà ní àmì ẹ̀yẹ Nansen, èyí tí UNHCR, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogúnléndé, máa ń fún àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́ takuntakun fún ogúnléndé, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò fi í fún odindi ènìyàn orílẹ̀-èdè kan. Síbẹ̀, irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń sanwó ilé fún ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ irú iṣẹ́ tí yóò ṣe àti ibi tí yóò ti máa jọ́sìn. Láti dènà èyí láàárín wa, a fẹnu kò pé ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lè kọ ohunkóhun tí a bá fi lọ̀ ọ́, a kò sì ní tìtorí rẹ̀ yọwọ́.

Obìnrin tí ó ní lẹ́tà lábẹ́ ìrọ̀rí rí ìwé ààbò rẹ̀ gbà ní ọdún kejì. Òun ni ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Bí ìdílé tuntun bá dé, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wọ́n, èmi a sì tẹ̀ lé e. Kì í gbé nǹkan kan dání yàtọ̀ sí ìwé náà àti bírò. Yóò kí wọn, yóò jókòó, yóò jẹ́ kí wọ́n mí sí i, yóò sì béèrè pé, "Ǹjẹ́ lẹ́tà kankan wà nílé tí ẹ kò tíì rí ẹni bá yín kà?"