Kí ẹ tó fọwọ́ kan àkókò ìdúró ṣájà nínú kernel: ohun tí ẹ̀rọ alájọ kọ́ mi

Bàbá alájọ kan ní Bódìjà ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ rẹ yìí ń ṣe àbíkú o. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tanná. Mi ò tíì yíjú, ó ti kú. Ó tún jí. Nígbà tó wá jàjà dúró, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bátìrì ò kún dé ìdajì." Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, mò ń bọ̀." Lọ́kàn mi, wáyà wọn ló bàjẹ́. Irọ́ ni.

Àpótí kékeré ni ẹ̀rọ náà. Ó ní bátìrì, ó ní printer tó ń tẹ rìsíìtì fún àwọn tó ń dá àjọ, Linux ló wà nínú rẹ̀, ojú USB-C ló sì fi ń gba iná. Àwọn alájọ kì í jókòó síbì kan. Wọ́n á wà ní Bódìjà láàárọ̀, wọ́n á dé Ọjà Ọba lọ́sàn-án. Ìsọ̀ tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ké ni wọ́n ti ń ki ẹ̀rọ bọná, ṣájà tí wọ́n bá sì bá lára ògiri náà ni wọ́n ń lò. Èmi ní tèmi, ṣájà kan ṣoṣo ni mo fi dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó kí n tó kó o fún wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ṣájà USB-C tó gbọ́ Power Delivery, èdè tí ṣájà àti ẹ̀rọ fi ń dúnàádúrà iná, kì í ṣàdédé da fóòtì 9 lu ẹ̀rọ. Fóòtì 5 ló máa kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa pàtẹ: 5 wà, 9 wà, 15 wà. Ẹ̀rọ á mú èyí tó bá a lára mu, ṣájà á ní òun gbà, dúnàádúrà parí. Nínú kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, abala tí wọ́n ń pè ní tcpm ló ń bá wa dúnàá. Tó bá ti rí i pé ṣájà wọlé, á dúró fún 310 mílísẹ́kọ́ǹdì kí onítọ̀hún pàtẹ. Bí àtẹ ò bá dé, á rán hard reset sí i. Hard reset kì í ṣe ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ṣe ni ṣájà máa pa iná rẹ̀, tó máa tún un tàn, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Tí wọ́n bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì tí àtẹ ò sì tíì dé, kernel á gbà pé ṣájà yìí ò gbọ́ Power Delivery, á sì máa fi fóòtì 5 lálàá lọ. Àbíkú tí bàbá rí nìyẹn: ó kú lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dúró, ṣùgbọ́n kò sanra.

Mi ò kọ́kọ́ mọ èyí. Mo ti ti sọ́dà bọná láti pààrọ̀ ojú USB nígbà tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀rọ náà ná." Àkọsílẹ̀ tcpm wà ní /sys/kernel/debug/usb/, níbi tí orúkọ rẹ̀ fi tcpm- bẹ̀rẹ̀. A ki ṣájà tí mo yá lọ́wọ́ bàbá bọ̀ ọ́, ìlà yìí sì ń jáde léraléra:

pending state change SNK_WAIT_CAPABILITIES -> HARD_RESET_SEND @ 310 ms

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ń dúró de àtẹ, bí kò bá sì dé láàárín 310 mílísẹ́kọ́ǹdì, hard reset ló kàn. Ojú tì mí. Mo pa sọ́dà.

Ibi tó yẹ kí n ti ní sùúrù ni mo ti fi wàdùwàdù ṣe é. Mo ṣí include/linux/usb/pd.h, mo rí PD_T_SINK_WAIT_CAP, mo sọ 310 di 1000. Mo ní kó kúkú pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún pè mí mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé 310 sí 620 ni òfin Power Delivery gbà. Mo kà á, mo gbójú fò ó. Ẹ̀rọ bàbá gba fóòtì 9 lọ́jọ́ náà, inú mi dùn, mo fi kernel kan náà sórí bọ́ọ̀dù kejì tí à ń kó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Bí bátìrì bá ti gbẹ tán, ẹ̀rọ wọn ò jí mọ́ lórí ṣájà àtijọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ṣájà tí kò gbọ́ Power Delivery ò ní pàtẹ títí ayé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni kernel máa dúró dè é, hard reset méjì á sì wà láàárín. Ní 310, ìdúró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò pé sẹ́kọ́ǹdì kan. Ní 1000 tèmi, sẹ́kọ́ǹdì 3 gbáko ni, láì tíì ka àkókò tí hard reset fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, iná tíntín ni bọ́ọ̀dù ń fà. Bátìrì tó ti gbẹ ò lè gbé e dé òpin ìdúró náà. Oògùn tó wo ọmọ kan sàn ni mo fi pa èkejì.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí. Mo dá pd.h padà sí bó ṣe wà. Kernel tuntun gbà kí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sọ àkókò tirẹ̀ nínú device tree, ìwé tí a fi ń sọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún kernel, lábẹ́ connector, abala tó dúró fún ojú USB-C. Ṣùgbọ́n iye wo ni kí n kọ? A fi 600 sí i fún ìgbà díẹ̀, kìkì ká lè rí ìgbà tí àtẹ ń dé gan-an. Mo lọ ra ṣájà ní Ìwó Road, a tún yá ti àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wa, ó pé mọ́kànlá. A ń ki wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń ka àkókò láti ìgbà tó bá wọ SNK_WAIT_CAPABILITIES títí di PD RX àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé láti ọ̀dọ̀ ṣájà. Méje ò pẹ́ rárá. Mẹ́rin pẹ́, èyí tó sì pẹ́ jù gba 441. Ẹlẹ́nu mẹ́ta ni, ó sì máa ń pẹ́ jù bí fóònù mìíràn bá ti ń mu iná lára rẹ̀. Mo kọ:

sink-wait-cap-time-ms = <500>;

Kò ṣiṣẹ́! Odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Abẹ́ chip tó ń bójú tó ojú USB-C, èyí tó wà lórí wáyà I2C, ni mo kọ ọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ connector tó wà nínú rẹ̀. Kernel ò bú mi, kò kìlọ̀, ó kàn ń lo 310 rẹ̀ lọ. Látìgbà náà, bí mo bá ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀, mo máa ń wọ /proc/device-tree lọ wo connector fúnra rẹ̀ pẹ̀lú hexdump. Bí mo bá rí 00 00 01 f4, bí hexdump ṣe ń kọ 500 nìyẹn, 500 dé ilé. Ẹ tún máa ṣe make dtbs_check, àṣẹ tó ń yẹ device tree wò, nítorí iye yòówù tí ẹ bá kọ ni kernel máa lò. Dtbs_check ló máa pariwo bí ó bá ju 620 lọ.

Àkókò mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀. cc-debounce-time-ms kò gbọdọ̀ kúrò láàárín 100 sí 200, ps-source-off-time-ms láàárín 750 sí 920. Mi ò ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀. sink-bc12-completion-time-ms wà fún bọ́ọ̀dù tó fẹ́ kọ́kọ́ fi wáyà D+ àti D- wádìí irú ṣájà tó dé kí dúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa kì í ṣe ìyẹn, nítorí náà 0 rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo tún ṣí fáìlì dts wa, níbi tí a ń kọ device tree sí, mo rí i pé ọmọ iṣẹ́ mi ti kọ "Málọmọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà 500 yẹn. Mo ní kó yọ ọ́, kó kọ irú ṣájà tó pẹ́ jù àti 441 síbẹ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí nọ́ńbà náà ti wá. Ó kọ ọ́. Kò yọ Málọmọ́.