Ohun tí iná tó lọ fi hàn mí: àyẹ̀wò ọdún pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Ìbàdàn

Ọdún ti ń parí lọ, ọyẹ́ ti dé, eruku sì ti bo fèrèsé yàrá tí a ń lò ní Agbowó. Ní alẹ́ àná, mo gbé ìwé tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí láti oṣù Kìíní, mo sì kà á tán ní ìjókòó kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni mo ń kọ́ ní gbogbo Sátidé, mẹ́ta láti yunifásítì, mẹ́ta láti pólì, tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ìdíje nẹ́tíwọ̀kì àti ààbò kọ̀ǹpútà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ ọ́ sí pé a gbọ́dọ̀ dé ìpele àṣekágbá kí ọdún tó tán. A kò dé ibẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, nítorí pé ọ̀dọ̀ èmi olùkọ́ ni púpọ̀ nínú àṣìṣe náà ti wá.

Nínú ìdíje nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n á ya àwòrán ilé-iṣẹ́ kan fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, wọ́n á sì ní kí wọ́n so àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí àlejò tó wọlé á fi lè lo íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí kò ní lè fojú kan kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣírò owó. Ìṣirò pọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní àdírẹ́sì 256, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, kí o pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, 64 ló kan ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, 62 péré lo sì lè fún ẹ̀rọ, nítorí pé ti àkọ́kọ́ dúró fún ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, ti ìkẹyìn sì wà fún ìkéde sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀. Ní ti ààbò, èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni ìdíje àsíá, níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú fáìlì tàbí sínú ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àléébù. DEF CON, àpéjọ àwọn ọ̀jáfáfá ààbò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1996, picoCTF tí Yunifásítì Carnegie Mellon dá sílẹ̀ ní 2013 sì ni tiwa fi ń ṣe ìdánrawò, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù mí jùlọ ni ti ìdáàbòbò, tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti ń ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti 2006. Wọ́n á gbé nẹ́tíwọ̀kì tó ti ń ṣiṣẹ́, tó sì kún fún àléébù, lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, àwọn ọ̀jáfáfá á máa kọlù ú, àwọn ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ímeèlì àti ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà kú. Láàárín gbogbo rògbòdìyàn yìí, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ gan-an nìyẹn. Ó yẹ kí n ti rí ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún wa ṣáájú oṣù Kẹjọ.

Ní oṣù Kẹjọ náà ni a lọ sí ìdíje kan níhìn-ín, nínú ìlú. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fún gbogbo ẹgbẹ́. Ó ṣì ku ogójì ìṣẹ́jú nígbà tí àwọn mẹ́ta tí mo yàn parí iṣẹ́ wọn, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ nawọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn náà. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ro bí mo ṣe máa pe àwọn òbí wọn. Onídàájọ́ kò tíì dé ìdí tábìlì wa tí iná fi lọ.

Jẹnẹrétọ̀ gbé e láàárín ìṣẹ́jú kan. Bátìrì ti gba láptọ́ọ̀pù wọn là, ṣùgbọ́n switch méjèèjì, tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, àti router, tó ń so nẹ́tíwọ̀kì kan mọ́ òmíràn, kò ní bátìrì kankan. Nígbà tí wọ́n tún tàn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì kan, ó sì dákẹ́ lọ gbári. Orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀rọ náà ti pa rẹ́, «Switch>» lásán ló kù lójú rẹ̀, bí ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí. Ohun tí a bá tẹ̀ sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, inú ìrántí tí ń gbàgbé ló ń kọ́kọ́ gbé, àyàfi bí a bá fi àṣẹ kan, «copy running-config startup-config», dà á kọ sínú èyí tí kì í gbàgbé. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni àṣẹ náà ń gbà. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ sórí ẹyọ kan nínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n sáré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n orí ni olúkúlùkù gbé àdírẹ́sì tirẹ̀ sí, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sórí ìwé, àwọn méjì sì fún ẹ̀rọ méjì ní àdírẹ́sì kan náà. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò tíì ṣe ju ìdajì lọ kí iná tó lọ, àmọ́ ìdajì náà wà níbẹ̀ nígbà tí iná dé.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí iná náà. Ọmọ Ìbàdàn wo ni kò mọ̀ pé iná lè lọ? Èmi ni mo máa ń gbé fóònù sí iwájú wọn ní gbogbo Sátidé láti ka ìṣẹ́jú, tí mo sì ń yin ẹni tó bá kọ́kọ́ parí. «Bí iṣẹ́ kò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ iṣẹ́», mo sọ ọ́ títí ó fi di orin lẹ́nu wọn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kì í yára. Bó bá tẹ àṣẹ kan, á dán an wò, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú aago tó ṣe é, kó tó bọ́ sórí òmíràn. Ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kọ ọ́ sínú ìwé tèmi pé «ó lọ́ra», n kò sì mú un lọ sí ìdíje oṣù Kẹjọ náà. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á lánàá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn, ìwé rẹ̀ sì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ láti oṣù Kẹsàn-án: ẹnì kan ń tẹ àṣẹ, ẹnì kan ń dán an wò, ẹnì kẹta ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ipò.

Ohun kan tó lọ dáadáa lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá ọ̀kan nínú wọn, tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà. Oṣù Karùn-ún ló wá bá mi. Ó ní, «Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ọmọ mi kì í sùn lóru mọ́, ìdí kọ̀ǹpútà ló máa ń wà. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ yahoo lẹ ń kọ́ wọn?» Mo ní, «Ẹ ṣeun tí ẹ wá bi mí, mà. Ẹ jókòó.» Mo fi ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ hàn án, pé òun kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ẹni tó ni ín kò yọ̀ǹda, mo sì ṣàlàyé fún un pé òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 kò ṣeré pẹ̀lú ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà lu jìbìtì. Lẹ́yìn náà, mo ní kí ọmọ rẹ̀ wọ inú router wa pẹ̀lú Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń wọ inú ẹ̀rọ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ètò kan tó ń jẹ́ Wireshark sì máa wo ohun tó ń gba inú wáyà kọjá. Páswọ́ọ̀dù náà hàn ketekete. Ó tún un ṣe pẹ̀lú SSH, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú kó tó rán an, kò sí ohun tí ojú lè kà mọ́. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, «Àṣé ti àkọ́kọ́ yẹn dà bí ẹni tó ń pariwo iye owó àpò rẹ̀ láàárín ọjà.» Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn yòókù.

Owó dátà àti owó epo jẹnẹrétọ̀ ga ju ohun tí mo fọkàn sí lọ, ṣùgbọ́n a rí i san. N kò dé ilé-ẹ̀kọ́ girama kankan bí mo ṣe pinnu, bẹ́ẹ̀ ni a kò fọwọ́ kan IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun ti íntánẹ́ẹ̀tì, tó bó ṣe yẹ. Oṣù Kìíní ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Ní Sátidé tó kọjá, tó jẹ́ ìpàdé wa tó kẹ́yìn lọ́dún yìí, mo fún wọn ní iṣẹ́ oṣù Kẹjọ náà, n kò sì gbé fóònù síwájú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ ṣí fèrèsé, mo sì yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Kò sí ẹni tó pariwo. Nígbà tí mo fi wáyà náà padà sára ògiri, àwọn iná wẹ́wẹ́ iwájú switch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, orúkọ ẹ̀rọ náà sì jáde lójú rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọmọbìnrin tí mo pè ní ẹni tó lọ́ra tẹ ping, àṣẹ tí a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ kejì ń dáhùn, ó dúró títí èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wọlé, ó wo aago, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.