Lẹ́tà Kejì Tí Mo Kọ sí Alhaja

Ọjọ́bọ, ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025. Ìbàdàn.

Alhaja, ọ̀gá iléeṣẹ́ wa, ti fọwọ́ sí i. Mo ń lọ sí Àbújá lóṣù tó ń bọ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà yanjú kò jẹ́ kí n sùn, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ yìí.

Àpérò ọdọọdún ICAN ni, ti ẹgbẹ́ àwa akáńtáǹtì. 2019 ni mo lọ kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kòrónà dé, mo bí Ire, owó ọkọ̀ ń gun òkè, ọdún ń gorí ọdún. Iléeṣẹ́ wa ní Olúyọ̀lé kò tíì fi owó rán ẹnikẹ́ni lọ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà níbẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ni à ń ṣe. Èmi ni mo sì ń ṣọ́ àpò owó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ náwó, ọ̀dọ̀ mi ni ìwé rẹ̀ ń kọ́kọ́ gbà kọjá kó tó dé iwájú Alhaja.

Oṣù Kẹjọ ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí Alhaja pé kí iléeṣẹ́ rán mi lọ. Mo tún un kà lónìí. Láti òkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Mo ní ICAN ń béèrè pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún. Mo ní ó pẹ́ tí mo ti lọ. Mo ní mo ti fi òótọ́ inú sin iléeṣẹ́. Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀, àmọ́ kò sí ìlà kan ṣoṣo tó sọ ohun tí yóò wọlé fún ẹni tí ń sanwó. Alhaja kà á tán, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Ìyá Ire, ṣé kì í ṣe orí fóònù ni wọ́n ti ń wo ìpàdé báyìí? Forúkọ sílẹ̀, kí o jókòó sí ọ́fíìsì, kí o máa wò ó. A ò ní dí ọ lọ́wọ́.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Mo jáde. Ó dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo rò pé wọ́n fojú kéré iṣẹ́ mi ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Alhaja fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun tó ń yọ́ kóró rọ́bà sọ ọ́ di ọ̀rá. Ẹni tó fẹ́ tà á wà ní Èkó, ó ní mílíọ̀nù ogójì náírà, láìka VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà. Inú oṣù Kejìlá ni wọ́n fẹ́ san án. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ìṣirò rẹ̀. Mo kọ ₦40,000,000. Mo kọ VAT sí abẹ́ rẹ̀, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦3,000,000. Mo fẹ́ pa méjèèjì pọ̀ bí mo ti máa ń ṣe, torí lábẹ́ òfin tí à ń lò ní ọdún 2025 yìí, VAT orí ẹ̀rọ kì í padà wá. Èyí tí a san lórí kóró rọ́bà tí a sọ di ọjà la lè yọ kúrò nínú èyí tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ti ẹ̀rọ, ó wọlé sínú iye ẹ̀rọ nìyẹn, ó parí.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún yìí ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun, mẹ́rin ni wọ́n, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni ti owó orí gan-an yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ òfin tuntun yìí, VAT tí iléeṣẹ́ bá san lórí ẹ̀rọ àti lórí iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún un, bí ó bá jẹ́ fún ọjà tí òun náà ń gba VAT lé lórí, ó lè yọ ọ́. Ọjà tiwa sì ní VAT lórí. Bí a bá sanwó ẹ̀rọ lóṣù Kejìlá, mílíọ̀nù mẹ́ta rì. Bí a bá dúró di oṣù Kìíní, ọ̀nà wà láti gbà á padà. Àárín oṣù kan péré!

Mo dìde kúrò lórí àga, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Ṣé ọjọ́ orí ínfọ́ìsì ni wọ́n ń wò ni, àbí ọjọ́ tí a sanwó, àbí ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọ ọgbà wa? Bí a bá fi àsansílẹ̀ díẹ̀ lé e lóṣù Kejìlá ńkọ́? Ìwé wo ni yóò wà lọ́wọ́ mi tí wọn kò fi ní dá a padà? Irú ìbéèrè báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù kó máa retí pé ẹnìkan á rí i láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn. Mo fẹ́ dúró níwájú àwọn tó mọ òfin náà dénú, kí n fi ínfọ́ìsì wa hàn wọ́n, kí n bi wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kejì bí èsì àkọ́kọ́ kò bá yé mi.

Nígbà tí mo wá kọ lẹ́tà kejì, orí ẹ̀rọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ti owó oṣù. Èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wá. Láti oṣù Kìíní, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún kò ní owó orí mọ́, èyí dára púpọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kó ẹrù. Àmọ́ àdínkù àtijọ́ tí a máa ń yọ kí a tó ṣírò owó orí ti lọ, ti owó ilé ló rọ́pò rẹ̀: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí èèyàn san, kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ìyẹn ni pé rìsíìtì landlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi kí n tó ṣe owó oṣù Kìíní. Mélòó nínú wa ni landlọ́ọ̀dù ń fún ní rìsíìtì n'Ìbàdàn yìí? Mo tún fi kún un pé owó ìdàgbàsókè ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ń bọ̀ lórí èrè, tí yóò rọ́pò owó ètò ẹ̀kọ́ àti àwọn owó kéékèèké mìíràn tí a ń san lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo kọ ohun tí n ó mú bọ̀: ọ̀sán méjì pẹ̀lú àwọn ọmọ akáńtì, sítóò àti àwọn tó ń tajà, àti ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí yóò wà lórí tábìlì Alhaja kí ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá tó pé. Mo kọ orúkọ Bísọ́lá pé òun ni yóò di iṣẹ́ mi mú. Nígbà tó kan ìnáwó, mo gé e títí kò fi sí ohun tí mo tún lè gé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Kúbwà ni n ó sùn, kò sí owó òtẹ́ẹ̀lì. Bọ́ọ̀sì ni n ó wọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn.

Ìgbà tí mo ń wá ohun tí n ó fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀ sí i ni mo ṣí fáìlì ITF, Industrial Training Fund. Ọdún 1971 ni ìjọba dá àjọ yẹn sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù rẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún. Bí ó bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀rí sì wà, ó lè béèrè lára owó náà padà, títí dé ìdajì. Ọdọọdún ni a ń san án. Èmi ni mo ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án, a kò béèrè kọ́bọ̀ padà rí, torí a kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan tí a lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ta ni kò jẹ́ kí a kọ́ wọn? Mo rántí Bọ̀dá Ràfíù tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ní 2023, wọ́n kọ ìwé pé ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin kan wà ní Èkó lórí irú ẹ̀rọ tí à ń lò. Mo fi bírò pupa kọ “Kò sí nínú ètò ìnáwó” sí i, mo dá a padà. N kò tilẹ̀ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Alhaja. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ ńlá dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. A ránṣẹ́ pe ẹnìkan wá láti Èkó, a sanwó ọkọ̀ rẹ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí owó yẹn náà, ìwé méjèèjì kò sì pàdé ara wọn lọ́kàn mi títí di ọ̀sẹ̀ yìí.

Mo kọ ti ITF sínú lẹ́tà, mo sì kọ ọ́ pé èmi ló yẹ kí n ti rí i.

Lónìí, Alhaja kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n béèrè ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù: “Bí mo bá rán ọ lọ, tí o dé, tí iléeṣẹ́ ńlá kan wá fi owó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́?”

N kò búra fún wọn. Mo ní, “Alhaja, mi ò mọ ọ̀la. Àmọ́ ohun tí mo bá kọ́ kò ní wà lórí èmi nìkan. Kí ọdún yìí tó parí, Bísọ́lá á lè ṣe é láì sí mi níbẹ̀.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kan. “Kí ni bọ́ọ̀sì ń ṣe níbí?”

Mo ní kí owó lè dínkù ni.

“Ọ̀nà Lọ́kọ́ja yìí? Kí wọ́n wá pè mí lóru pé wọ́n ti gbé ìyá ọlọ́mọ lọ? Pa á rẹ́. Bàlúù ni o máa wọ̀.” Wọ́n fúnra wọn fa ìlà lé bọ́ọ̀sì, wọ́n kọ bàlúù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Ní ti ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n pe ẹni Èkó yẹn pé kó ní sùúrù di ọdún tuntun.

Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì. Oṣù kan sẹ́yìn, mo rò pé obìnrin yìí kò ka iṣẹ́ mi sí.

Kí a tó ṣíwọ́, mo wá ìwé Bọ̀dá Ràfíù jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bírò pupa náà ṣì ń tàn. Mo mú un lọ bá wọn nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n nu ọwọ́ sí àkísà kí wọ́n tó gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n wo ojú mi.

Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ má bínú. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dé iwájú. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ.”

Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀kọ́ yẹn báyìí?” Wọ́n ní àwọn á pe àwọn tó ń ṣe é láàárọ̀ ọ̀la. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ibi tí àwọn á ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, torí wọn kò mọ ìwé kọ bí èmi.

Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá tí ẹ̀rọ fi dákẹ́.