Ìwé tí à ń kà sókè

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, bí àwọn onígbàgbọ́ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwọn Mùsùlùmí sì ti kí ìrun Àílà tán, àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyẹn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ń fi owó pamọ́, tí ó sì ń yá ọmọ rẹ̀ lówó, a péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní abúlé wa, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí a tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, akọ̀wé yóò ṣí ìwé ńlá, yóò ka orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sókè, iye tí ó ti fi pamọ́, iye tí ó yá, iye tí ó ti san, àti iye tí ó kù ní ọrùn rẹ̀. Ẹni tí ó ni orúkọ yóò dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ìyá mi wọ ẹgbẹ́ yìí nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni akọ̀wé báyìí. Mo fẹ́ sọ ibi tí irú ẹgbẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá àti bí a ṣe tò ó, nítorí ó dá mi lójú pé kíka ìwé yẹn ni òpó tí gbogbo ilé náà dúró lé.

A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá owó jọ nílẹ̀ Yorùbá. Èsúsú ti wà kí òyìnbó tó dé, ó sì fìdí múlẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun. Ní Trinidad títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é. Iye kan náà ni kálukú ń dá, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Alájọ ní tirẹ̀ ń gba owó ọlọ́jà lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ èrè rẹ̀. Ìyá mi ṣe méjèèjì nídìí gàrí. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró kí èsúsú tó kanni, ohun tí ènìyàn sì kó fún alájọ náà ni yóò gbà padà. Ẹni tí ìnira bá dé bá lójijì nígbà àtijọ́ a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni; kò dín owó tí a yá kù rárá.

Nígbà tí kókó di ọjà pàtàkì, oko ni àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi dógò. Ẹni tí ó ń wá owó nígbà tí èso ṣì tutù lórí igi a tọ olówó èlé tàbí aṣojú àwọn tí ń ra kókó lọ, a sì fi kókó ọjọ́ iwájú san án ní owó pọ́ọ́kú. Ìjọba amúnisìn wá pe C. F. Strickland, ẹni tí ó ti bójú tó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Punjab ní Íńdíà, pé kí ó wo ohun tí a lè ṣe ní Nàìjíríà. Ó fi àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ní 1934, a ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní 1935, a sì yan Major E. F. G. Haig láti máa forúkọ àwọn ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníkókó Gbẹ́dùn, ní ìgbèríko Ìbàdàn, ni ó ṣáájú nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà, ní 1937.

Íńdíà pàápàá ti fi òfin tirẹ̀ lélẹ̀ ní 1904, ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni ó sì ti wo àpẹẹrẹ. Friedrich Wilhelm Raiffeisen ni olórí ìjọba abúlé Weyerbusch nígbà tí ìyàn mú ní 1846 sí 1847. Ó gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó rí ṣe, ó ra ìyẹ̀fun, wọ́n kọ́ ààrò búrẹ́dì, àwọn tálákà sì ń gba búrẹ́dì láwìn. Ní Flammersfeld ní 1849, àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó fi ṣe ẹ̀yìn ẹgbẹ́ tí ó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti ra màlúù. Àánú àwọn ọlọ́rọ̀ tán díẹ̀díẹ̀; àwa náà mọ̀ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Nígbà tí ó dé Heddesdorf ní 1864, ó yí ọ̀nà padà: ẹni tí yóò yá owó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò jọ ru gbèsè, àgbègbè kékeré tí ènìyàn ti mọ ara wọn ni ẹgbẹ́ yóò wà, a ó sì máa fi èrè kún àpò kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pín.

Mo rí gbogbo èyí nínú ìwé wa. Òfin ní kí ènìyàn tí yóò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ má dín ní mẹ́wàá. Àwa jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n a kì í gba ẹni tí kò gbé láàárín wa. Ìbáà ṣe ìpín kan ni ènìyàn ní tàbí ogún, ìbò kan ṣoṣo ni yóò dì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lè yá ìlọ́po méjì ohun tí ó fi pamọ́, bí ó bá ti rí onídùúró méjì. Owó onídùúró kò ní ṣeé gbà jáde títí ẹni tí ó dúró fún yóò fi san tán, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu lásán ṣe onídùúró. Ìyá mi dúró fún aládùúgbò kan tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ pákí. Ọjọ́ ọjà kò lọ kí ó má yà síbẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá já, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, òun náà ni yóò sì bá wọn wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Èmi kò tíì rí olówó èlé tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Alága, akọ̀wé, akápò àti ìgbìmọ̀ kò gba owó oṣù. Ọdọọdún ni a ń dìbò yàn wọ́n. Èlé tí a ń san, àárín wa ni ó ń padà sí. Ní ìparí ọdún, ìdámẹ́rin èrè ń lọ sí àpò àìgbọdọ̀-pín, a ó sì pín ìyókù gẹ́gẹ́ bí ìpín kálukú.

Ìgbà kan wà tí a dẹ́kun kíka ìwé. Akọ̀wé ìgbà náà ní ó ń pẹ́ jù, ó sì ń dójú ti onígbèsè, gbogbo ilé sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, ìyá mi pàápàá. Lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí a yẹ ìṣirò wò, owó tí ó wà ní báńkì kò bá ti inú ìwé mu: wọ́n ti yá owó fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, láìsí onídùúró kankan. Owó ilé-ìwé mi wà nínú rẹ̀. Mo jókòó sílé fún sáà kan gbáko ní ọdún yẹn. Àwọn kan fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Àpò àìgbọdọ̀-pín ni a fi dí ihò náà díẹ̀díẹ̀, ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà sì dá kíka ìwé padà.

Ní 1953, àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìwọ̀-oòrùn dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba ní kí olú-owó báńkì kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 25 náírà, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn báńkì mìíràn, ó sì di ara Skye Bank ní 2006. Orúkọ ńlá náà parẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ inú abúlé ṣì ń pàdé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ kí a máa fi ìṣirò kálukú ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, a sì ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn dá nìkan kà nínú fóònù rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ní oṣù tó kọjá, ojú ń dùn mí, mo gbé ìwé náà fún ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Ó kà á láìkánjú. Nígbà tí ó kan orúkọ mi, ó ka owó tí mo fi pamọ́, ó ka gbèsè tí mo jẹ, ó dákẹ́, ó sì gbójú sókè wò mí. Mo dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni.”