Ohun tí Murino kọ́ mi nípa ètò ìlú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ wá kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ìlú ní Rọ́ṣíà, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí mo ti ṣìnà hàn yín.

Owó ilé ló gbé mi dé Murino. Apá mi kò ká àárín St. Petersburg, ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo tí ibi ìdáná wà nínú rẹ̀ pọ̀ bí eṣú ní Murino. Bí mo bá wọ mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní Devyatkino, ibùdó kẹta, Politekhnicheskaya, ni mo ti ń sọ̀ lọ sí kíláàsì. Mo gbà pé inú ìgboro ni mo ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Leningrad ló ni Murino, kì í ṣe St. Petersburg. Devyatkino, tí wọ́n ṣí ní 1978, nìkan ni ibùdó mẹ́tírò St. Petersburg tó bọ́ sí òde ààlà rẹ̀. Ojú kò lè rí ààlà yìí, ìwé ló rí i: ilé ìwòsàn ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ọ̀tọ̀ ni ìjọba tó ń bójú tó wọn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi onílé bóyá yóò fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní àdírẹ́sì rẹ̀. Èmi kò bèèrè. Tèmi kọ̀ jálẹ̀, owó oṣù kan sì wọmi.

Abúlé ni Murino tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Ekaterina tí Nikolay Lvov ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n kọ́ parí ní 1790, ṣì dúró níbẹ̀. Nígbà tó yá, ilé gíga bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí pápá oko: ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n tó ti ìgboro, mẹ́tírò sì ti dé ṣáájú ilé. Àwọn ènìyàn ń ra yàrá nígbà tí ìpìlẹ̀ kò tíì jáde nílẹ̀. Títí di oṣù Keje 2019 tí òfin yí padà, owó olùrà gan-an ni wọ́n fi ń kọ́lé. Lẹ́yìn ìyẹn, báńkì ní láti di owó náà mú títí ilé yóò fi parí. Ọdún 2019 yẹn náà ni Murino di ìlú. Ará Rọ́ṣíà ń pe irú ilé gíga wọ̀nyí ní cheloveynik: wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó dúró fún ènìyàn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó dúró fún ilé èèrà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi lórí Murino kún fún iye àjà àti iye yàrá. Olùkọ́ mi dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Láàárọ̀, báwo ni ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe ń jáde kúrò níbí?" N kò lè dáhùn.

Mo lọ dúró lẹ́nu àbájáde ilé kan ní oṣù Kìíní, láti aago méje. Ní àsìkò yẹn ilẹ̀ kì í mọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Òtútù mú mi débi pé bírò kọ̀, pẹ́ńsù ni mo fi kọ̀wé. Ìyá kan jáde, ó ń fi okùn fa ọmọ rẹ̀ lórí pátákó tó ń yọ̀ lórí yìnyín. Mọ́tò ti dí gbogbo ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ó gbé ọmọ, ó gbé pátákó, ó fẹ̀gbẹ́ kọjá láàárín mọ́tò méjì, ó sọ wọ́n kalẹ̀, ó tún fà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dé jẹ́léósinmi tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé kejì. Lórí máàpù mi, ìlà tààrà kan ni ọ̀nà yẹn.

Nígbà tí mo tún iṣẹ́ náà ṣe, ọ̀nà ìyá yẹn ni mo kọ́kọ́ yà, pẹ̀lú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti gbé ọmọ.